ỌKỌ̀ TÍ Ó RU EWU, KÍ Ó DÉ AKẸTẸ̀ TIRẸ̀

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè onífìlà funfun, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin onílé inú Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé Ẹgbẹ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó jẹ mọ́ àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń ru epo bẹntiróòlù, gáàsì, ásíìdì àti àwọn ohun mìíràn tí ó lè gbiná tàbí tí ó lè pa ènìyàn, tí wọ́n sì ń gba àárín wa kọjá lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Àwọn àgbà wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nítorí náà ni a kò ṣe lè dákẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kò sí ọmọ Èkó tòótọ́ tí kì í fi akẹtẹ̀ mọ Ẹ̀yọ̀. Bí ó ti wù kí aṣọ funfun wọn jọra tó, nígbà tí wọ́n bá yọ sí wa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé èyí tí ó dé akẹtẹ̀ dúdú ni Adímú, pé onípupa ni Làbà, pé èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè ni Oníkò, pé aláwọ̀ ewé ni Ológèdè, àti pé elésè àlùkò ni Àgẹrẹ. Láti òkèèrè ni a ti ń mọ̀ ọ́n, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni, kí ẹni tí ó wọ bàtà lè tètè bọ́ ọ, kí obìnrin tí ó di sùkú lè yà sí kọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ń dúró títí ọ̀pámbàtà yóò fi bà á lẹ́yìn kí ó tó béèrè pé ta ni ó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí akẹtẹ̀ ń ṣe fún Ẹ̀yọ̀, iṣẹ́ náà gan-an ni pátákó àmì wà láti ṣe fún ọkọ̀ tí ó ru ewu. Ó ń kígbe láti òkèèrè pé, èyí ni èmi, èyí ni ohun tí mo rù, ẹ mọ bí ẹ óò ti bá mi lò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé àṣà òyìnbó ni a fẹ́ fi agbára kó wọ ìlú. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tí ó ṣẹ́ igi jọ sí etí oko a fi ààlè lé e, ẹni tí ó bá sì rí ààlè kò béèrè ìwé kí ó tó mọ̀ pé ohun tí a kì í fọwọ́ kàn ni. Màrìwò tí a so sí ẹnu ọ̀nà igbó orò, òye rẹ̀ yé àjèjì àti onílé. Títí di òní yìí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ó bá gbé òkú ni í so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ mìíràn yóò sì yà fún un. Bí a bá lè fi àmì sí ọkọ̀ tí ó gbé òkú, èéṣe tí a kò fi lè fi àmì sí ọkọ̀ tí ó lè sọ alààyè di òkú?

Ẹ wo ibi tí a gbé ń gbé. Afárá Carter, tí a kọ́kọ́ kọ́ ní ọdún 1901, Ìdúmọ̀tà ni ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn wa ni Àpápá wà, níbi tí àwọn àgbá epo ńláńlá gbé tò lọ bẹẹrẹbẹ. Ní ìlà-oòrùn wa ni ilé ìfọ̀po Dangote wà ní ọ̀nà Lẹ́kí, tí ó ti ń pọn bẹntiróòlù láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Àwa tí a wà ní erékùṣù yìí wà láàárín orísun méjèèjì bí ẹran inú àkàrà. Ìdúmọ̀tà sì rèé, ojúlé kò jìnnà sí ojúlé, ìsọ̀ aṣọ fara ti ìsọ̀ oògùn, ẹ̀rọ amúnáwá ń dún lórí gbogbo fàráńdà, okùn iná kọjá lórí okùn iná, ọ̀nà kò sì fẹ̀ tó kí ọkọ̀ panápaná kan kọjá ní ọ̀sán gangan láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ kó àtẹ kúrò nílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni a dúró ní ojú ọ̀nà kékeré kan tí ó yà kúrò ní Ìdúmọ̀tà, tí a rí lọ́rì kan tí ó ń já ẹrù ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ aró ni ẹrù náà, ìwé tí a lẹ̀ mọ́ wọn ti bó, a kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àwọn alábàárù ń gbé wọn lé èjìká wọ inú ilé kan tí ènìyàn ń gbé ní òkè rẹ̀. A béèrè lọ́wọ́ alábàárù kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó ní ohun èlò ọṣẹ ni. A béèrè lọ́wọ́ èkejì, ó ní ohun èlò ọ̀dà ni. Nígbà tí a bi awakọ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá, ibi tí màá gbé e dé ni wọ́n sọ fún mi, wọn ò sọ ohun tó wà níbẹ̀." Obìnrin kan ń din àkàrà ní ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ìdí lọ́rì náà. A kò mọ̀ bóyá ohun tí ó wà nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù náà lè gbiná tàbí kò lè gbiná. Àìmọ̀ yìí gan-an ni ẹjọ́ tí a wá rò.

Kì í ṣe ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni a ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2012, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ilé ìkẹ́rùsí kan tí báńgà kún inú rẹ̀ bú gbàmù ní òpópónà Òjó Gíwá, ní àdúgbò Jànkárà, tí kò jìnnà sí ibi tí a gbé ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀mí bọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, ilé púpọ̀ sì jóná. Báńgà náà kò bọ́ láti ọ̀run. A fi ọkọ̀ gbé e wọ ìlú, a gbé e kọjá lójú wa, a sì kó o jọ sí àárín ilé tí ọmọ ń sùn sí. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù tí a kó pamọ́ sí ilé kan ní Bódìjà bú, tí ó sì wó ilé káàkiri. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wí pé àwọn awakùsà tí kò ní àṣẹ ni wọ́n kó o síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń jẹun alẹ́ kò mọ̀ pé ilé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn kì í ṣe ilé bí kò ṣe àgbá ẹ̀tù.

Àwa tí a dàgbà díẹ̀ kò sì lè gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilé ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bú. Kì í ṣe iná nìkan ni ó pa ènìyàn ní ọjọ́ náà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kú ni wọ́n sá lọ bọ́ sínú odò Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn ohun tí ó ń dún tàbí ibi tí ó yẹ kí wọ́n sá gbà. Ẹni tí kò mọ orúkọ ewu kò lè mọ ọ̀nà tí ó fi yẹ kí ó sá fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ agbépo. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan tí ìjánu rẹ̀ kò mú mọ́ yí dànù ní Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ọ̀nà tí a ń gbà jáde ní Èkó lọ sí Ìbàdàn. Epo dà, ó sì gbiná. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kà ní ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí ó jóná jẹ́ 54. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní Májíyà ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ọkọ̀ agbépo ṣubú, àwọn ará abúlé sáré jáde láti bu epo, àwọn tí ó kú sì ju 150 lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìkóríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger. Ọkọ̀ tí ó gbé nǹkan bí 60,000 lítà dojú dé, wọ́n sì ń fa epo inú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn nígbà tí iná sọ. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ lé ní 80. Ní Freetown, ìlú tí àwọn baba ńlá àwọn Sàró wa ti padà wá sí Èkó, ọkọ̀ agbépo kan kọlu lọ́rì ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn tí ó kú níbẹ̀ pẹ̀lú ju 150 lọ.

Òǹkàwé wa tí ó bá ronú jinlẹ̀ yóò béèrè ìbéèrè kan, ó sì tọ́ kí ó béèrè rẹ̀. Yóò wí pé, àwọn ará Májíyà mọ̀ pé bẹntiróòlù ni ó dà, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé korobá jáde; kí ni pátákó ìbá ṣe fún wọn? Àwa kò ní sá fún ìbéèrè yìí. Òótọ́ ni pé pátákó kì í pa iná, kì í sì í bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a ń béèrè fún, wọn kò sì gbọdọ̀ ya ara wọn. Pátákó wà fún panápaná àti fún ẹni tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n bá pàdé. Ìwé àṣẹ wà fún awakọ̀, kí ọkọ̀ náà má ba à ṣubú rárá. Ẹ̀kọ́ sì wà fún gbogbo ìlú, kí ó lè yé ènìyàn pé epo tí ó dà sílẹ̀ kì í ṣe ọrẹ láti ọ̀run. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Èyí tí ó bá kù kan nínú wọn, ọbẹ̀ yóò dànù.

Ẹ gbọ́ ìwà epo yìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lò ó tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe epo tí ó ń ṣàn ni ó ń kọ́kọ́ gbiná, bí kò ṣe ooru tí ó ń jáde lára rẹ̀. Bẹntiróòlù ń tú ooru yìí jáde nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ ní ìlú tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, áńbọ̀sì Èkó wa. Ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ni í rá pálá lé, yóò wọ inú gọ́tà, yóò máa rìn lọ láìsí ẹni tí ó rí i, títí yóò fi bá ẹ̀rọ amúnáwá, ààrò alákàrà tàbí ẹni tí ń ṣá ìṣáná. Nígbà náà ni iná yóò tọ ọ̀nà tí ooru gbà wá padà lọ bá epo. Bí a bá da omi lé e, epo yóò léfòó, omi yóò sì gbé iná náà kiri. Fóòmù ni panápaná ń lò fún un. Ẹ sì gbọ́ èyí pẹ̀lú: àgbá ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú epo inú rẹ̀ tán lè burú ju èyí tí ó kún lọ, nítorí ooru ni ó kún inú rẹ̀. Alurinmọ́rin tí ó bá gbé iná sí i lára ti gbé ọwọ́ lé ẹnu ìbọn.

Nítorí ìwà ohun bí ìwọ̀nyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi jọ jókòó ní Geneva ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, tí wọ́n ṣe àdéhùn tí a ń pè ní ADR lórí kíkó ẹrù eléwu ní ojú pópó. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1968. Àwọn amòye Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti pín gbogbo ẹrù eléwu sí ọ̀nà 9, wọ́n sì fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oníhóró mẹ́rin tirẹ̀. Àmì onígun mẹ́rin tí ó dúró lórí igun kan ni a ń fi sí ara ọkọ̀. Èyí tí ó pupa tí a ya ahọ́n iná sí ń sọ pé ẹrù náà ń gbiná. Aláwọ̀ ìyeyè wà fún ohun tí ń fẹ́ iná kí ó le sí i. Funfun tí a ya egungun orí òkú sí wà fún májèlé. Ẹ ò rí i pé Làbà àti Oníkò náà nìyẹn? Lẹ́yìn èyí, pátákó aláwọ̀ ọsàn kan wà ní iwájú ọkọ̀ àti ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó sì ga ní 30. Lórí pátákó ọkọ̀ tí ó gbé bẹntiróòlù a ó rí 33 lókè àti 1203 nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀ta kan ń sọ pé ohun olómi tí ń gbiná ni. Bí a ti tún un pè lẹ́ẹ̀kejì ń sọ pé ó ń gbiná kíákíá. Epo kẹrosíìnì ní tirẹ̀ ń ru 30 àti 1223. Panápaná tí ó bá ka nọ́ńbà wọ̀nyí láti ibi tí ó jìnnà ti mọ̀ bóyá fóòmù ni kí ó gbé tàbí omi, àti bí ó ṣe yẹ kí ó lé àwọn ènìyàn jìnnà tó.

Awakọ̀ tí yóò wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, kí ó ṣe ìdánwò, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí tí kì í ju ọdún 5 lọ kí ó tó tún un ṣe. Ọkọ̀ alágbàá náà ń gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní ọdọọdún. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ẹrù eléwu gbọ́dọ̀ gba àfikún àṣẹ lórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ìjọba yóò sì wádìí ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Ohun kan sì wà nínú ADR tí ó dùn mọ́ wa jùlọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ń gbé èdè àti àṣà baba wa lárugẹ: ìwé ìlànà tí awakọ̀ yóò mú dání nínú ọkọ̀, tí ń sọ ohun tí yóò ṣe bí ewu bá dé, gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí awakọ̀ náà lè kà tí ó sì yé e. Òfin kò wí pé kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí ó yé e ni ó wí.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ó kàn wá nínú ohun tí wọ́n ṣe ní Geneva? Ó kàn wá, nítorí pé Nàìjíríà pẹ̀lú ti wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2018. A ti fi ọwọ́ ara wa kọ orúkọ wa síbẹ̀. Kì í sì í ṣe pé a kò ní òfin tiwa. A ní òfin ohun abúgbàmù ti ọdún 1964 àti ìlànà lórí epo rọ̀bì ti ọdún 1967. A dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a ń pè ní FRSC, sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ní oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn ikú Májíyà àti Dikko, àjọ NMDPRA tí ń ṣe àbójútó epo kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún náà, ọkọ̀ tí ó bá ń gbà ju 60,000 lítà lọ kò gbọdọ̀ gba epo mọ́ ní ibùdó kankan, àti pé kí ọdún náà tó parí, ìwọ̀n náà yóò wálẹ̀ sí 45,000. A yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òmíràn. Òfin ìrìnnà ọkọ̀ tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 kọ̀ fún tírélà láti wọ àárín ìlú láti agogo 6 òwúrọ̀ títí di agogo 9 alẹ́, ó sì yọ ọkọ̀ agbépo sílẹ̀. A mọ ìdí rẹ̀: ìlú kò lè ṣe aláìní epo. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ó gbé ìrẹsì ni a sọ pé kí ó dúró di òru, èyí tí ó gbé iná ni a sọ pé kí ó máa bọ̀ ní ọ̀sán.

Ní ti ìwé ìwakọ̀ wa, ìpele G ni ti ọkọ̀ gígùn onírélà. Ó fi hàn pé ọkùnrin náà lè darí ọkọ̀ tí ó gùn. Ṣùgbọ́n mímọ ọkọ̀ í wà ní ọ̀tọ̀, mímọ ẹrù í wà ní ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó lè gun ẹṣin kì í ṣe ẹni tí a óò gbé ẹ̀tù fún ní alẹ́ kí ó fi ògùṣọ̀ tan ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́, tí í ṣe pé òun gan-an ni í gun orí àgbá, tí í ṣí ọmọrí rẹ̀, tí í fa rọ́bà? Bí awakọ̀ bá sùn, ọwọ́ ọmọ yìí ni gbogbo àdúgbò wà.

Àwọn kan ń bẹ tí ó lòdì sí pátákó, a sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní bí a bá kọ ohun tí ọkọ̀ rù sí ara rẹ̀, a ti fi ọ̀nà han olè àti ọ̀tá. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ro èyí rí. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n jíròrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bóyá kí a yọ àmì kúrò lára àwọn ọkọ̀ ojú irin alágbàá, wọn kò sì yọ ọ́, nítorí pé àwọn panápaná kò lè ṣe iṣẹ́ wọn láìsí i. Olè tí ń jí epo ti mọ ọkọ̀ epo kí a tó kọ ọ́. Panápaná àti alákàrà ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní yóò fi owó kún ọjà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: èló ni páànù tí a kùn ní ọ̀dà, ní ẹ̀gbẹ́ iye tí ọkọ̀ 54 tí ó jóná ní Afárá Ọ̀tẹ́dọlá ná àwọn olówó wọn? Àti pé ta ni yóò díye lé ẹ̀mí?

Àtakò kẹta ni ó ní ìwọ̀n lójú wa jù, nítorí pé òótọ́ ni. Wọ́n ní ní ilẹ̀ wa, a ó kọ pátákó, a ó sì fi purọ́. Wọ́n ní owó ni yóò ra ìwé àṣẹ, àti pé ẹni tí ó gbé bẹntiróòlù yóò kọ "omi" sí ara ọkọ̀. A kò lè jiyàn. Àmì èké burú ju àìsí àmì lọ, nítorí ẹni tí kò rí àmì yóò ṣọ́ra, ẹni tí ó rí àmì èké yóò fi ọkàn balẹ̀ wọ inú iná. Ní ọdún 1947, ní Texas City ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú omi kan gbiná ní èbúté. Ajílẹ̀ ni ẹrù tí ó gbé, àwọn ará ìlú sì wá dúró wòran nítorí pé àwọ̀ èéfín rẹ̀ wù wọ́n. Ajílẹ̀ náà bú gbàmù. Àwọn tí ó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600, ẹgbẹ́ panápaná ìlú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ẹni tí ó bá kà pé ajílẹ̀ ni, tí a kò sọ ìwà rẹ̀ fún, kò ka nǹkan kan. Nítorí náà, ìjìyà irọ́ pípa lórí pátákó kò gbọdọ̀ dúró ní ọrùn awakọ̀ nìkan, ẹni tí a rán níṣẹ́. Kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti ẹni tí ó ni ẹrù.

Nítorí náà, àwọn ohun wọ̀nyí ni a ń béèrè, a sì fi wọ́n síwájú ìjọba àti síwájú ẹ̀yin ìjòyè wa.

Èkíní, kí ọkọ̀ agbépo, ọkọ̀ gáàsì tàbí ọkọ̀ ásíìdì kankan má ṣe gba ẹrù ní Àpápá tàbí ní Lẹ́kí bí pátákó rẹ̀ kò bá pé ní iwájú, ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí pátákó náà sì wà níbẹ̀ títí a óò fi fọ àgbá náà mọ́.

Èkejì, kí awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ lórí ẹrù tí wọ́n ń gbé, kí a sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Igbo fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe fi àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ "EWU INÁ" gàdàgbà ní Yorùbá sí ìdí àmì òyìnbó lórí gbogbo ọkọ̀ tí ń wọ Èkó. Ahọ́n iná tí a yà yóò sọ fún ẹni tí kò kàwé, ọ̀rọ̀ wa yóò sọ fún ẹni tí ó kà.

Ẹ̀kẹrin, kí ọkọ̀ agbépo tí ń bọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, Bàlógùn àti Jànkárà máa wá kí ọjà tó kún, ní ìdájí, kí ẹ̀ṣọ́ sì ṣíwájú rẹ̀. Kí ó jáde kí àtẹ àkọ́kọ́ tó sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìwé kan wà tí a óò kọ gbogbo ilé ìkẹ́rùsí ohun tí ń gbiná sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ panápaná, lọ́wọ́ ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, àti lọ́wọ́ olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ náà.

Lórí èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì wá bí ọ̀rọ̀ wa bá ta. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ta ni ó fi yàrá ìsàlẹ̀ ilé baba rẹ̀ háyà fún ẹni tí kò mọ̀, tí ó gba owó ọdún méjì, tí kò sì béèrè ohun tí yóò kó síbẹ̀? Àwa ni. Ta ni ó rí dúrọ́ọ̀mù tí ń wọlé ní òru tí ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì nítorí pé alájọgbé ni? Àwa náà ni. A kì í fi iná sórí òrùlé kí a tún lọ sùn. Onílé tí ó gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀, tí ọmọ àti ìyàwó ọmọ ń sùn ní òkè, ti fi iná sórí òrùlé, ó sì ti dì mọ́ ìrọ̀rí.

Ní ti àwọn tálákà tí ń sáré lọ bu epo tí ó dà, àwa kò bú wọn. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn ro ìgbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù, ẹ̀yin olùṣọ́ àgùntàn, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ ní mọ́sálásí, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé: bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú, ẹ sá, kí ẹ sì má padà. Ẹ má ṣe tan iná, ẹ má ṣe mu sìgá, ẹ má ṣe fi ọ̀kadà gba ibẹ̀ kọjá. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan kò tó owó pósí.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, àwọn baba yín ni wọ́n ń fi àmì àti àṣẹ tọ́ ìlú yìí. Bí Ẹ̀yọ̀ bá ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yín nìkan ni ó ń mú kí bàtà bọ́ ní ẹsẹ̀ ọmọ Èkó àti ti àjèjì, láìsí ọlọ́pàá. Ẹ fi ìdajì àṣẹ náà sí orí ọ̀rọ̀ yìí, kí ọkọ̀ tí kò dé akẹtẹ̀ rẹ̀ má lè wọ ìlú, kí ẹrù tí kò ní orúkọ má lè wọ ilé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà rèé, Ìdúmọ̀tà ni. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ìdí àtẹ, orí rẹ̀ sì ti ń wọ́. Ẹ̀yin àgbà, ó di ọwọ́ yín.